Ìfẹ̀yìntì Kì í Ṣe Ìpatì: Ọ̀rọ̀ lórí Ìlànà Ìtòpọ̀ Àtijọ́ nínú Ètò Kọ̀ǹpútà

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ẹ̀dà 17 ti PostgreSQL jáde. Gbólóhùn kúkúrú kan wà nínú ìwé ìkéde rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé yóò ti fò kọjá. Gbólóhùn náà sọ pé wọ́n ti yọ ìlànà ìtòpọ̀ tí wọ́n ṣe fún Visual Studio ti ilé-iṣẹ́ Microsoft kúrò, àti pé Meson nìkan ni ó kù fún ẹni tí ó bá ń lo irinṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ó dàgbà jù lọ nínú ilé náà, èyí tí ó dúró lórí make, kò lọ. Ó wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìkéde ẹ̀dà 16 ti ọdún 2023 sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Meson yóò gba ipò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ròyìn ọ̀rọ̀ yìí ní èdè Yorùbá yóò rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta nítòsí: ìpatì, ìyọkúrò àti ìfẹ̀yìntì. Ó rọrùn láti lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, ẹni tí ó bá sì dà wọ́n pọ̀ lẹ́nu kò ní pẹ́ dà wọ́n pọ̀ lọ́wọ́.

PostgreSQL jẹ́ ètò ńlá tí ń tọ́jú àká ìsọfúnni. Inú iṣẹ́ tí Michael Stonebraker darí ní Yunifásítì California ní Berkeley láti ọdún 1986 ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1996 ni ó sì gba orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí. Èdè C ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá fi èdè C kọ kò tíì di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Kọ̀ǹpáílà ni yóò kọ́kọ́ ṣe ògbufọ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan sí èdè ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà ni irinṣẹ́ mìíràn yóò so gbogbo wọn pọ̀ di ètò kan ṣoṣo. Bí fáìlì bá jẹ́ mẹ́ta péré, ènìyàn lè máa fi ọwọ́ pàṣẹ náà níkọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ju 1,000 lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú PostgreSQL, kò sí ẹni tí ó lè há gbogbo rẹ̀ sórí. Iṣẹ́ yìí látòkèdélẹ̀ ni ìtòpọ̀. Ẹlòmíràn lè fẹ́ ìkọ́, láti ara kíkọ́ ilé. Àmọ́ ìkọ́ yìí àti ìkọ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ kò ní jẹ́ kí òǹkàwé sinmi. Ìmọ, láti ara mímọ ilé amọ̀, dùn létí. Ṣùgbọ́n àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó yà á kúrò lára ìmọ̀, àwọn òǹtẹ̀wé kan kò sì ka àmì ohùn kún nǹkan kan. Ìtòpọ̀ kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ make kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ ń fẹ́ ògì àti ewé. Ògì ń fẹ́ àgbàdo tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n sì ti sẹ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ẹ̀kọ ní òwúrọ̀, tí ògì àná sì wà nínú ìkòkò, kò ní lọ rẹ àgbàdo mìíràn. Ibi tí ó bá iṣẹ́ dé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni make ń ṣe. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó jáde ni àfojúsùn. Ohun tí àfojúsùn náà gbára lé ni èròjà. Àwọn àṣẹ tí ń sọ èròjà di àfojúsùn ni ìgbésẹ̀. Àfojúsùn, èròjà àti ìgbésẹ̀ papọ̀ ni òfin kan, fáìlì tí àwọn òfin wọ̀nyí wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní fáìlì make. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Alásè mọ ògì tí ó kan nípa òórùn rẹ̀. Make kò ní imú. Ọjọ́ orí nìkan ni ó ń wò. Bí àgbàdo inú agbọ̀n bá ti dé lẹ́yìn ògì inú ìkòkò, make yóò da ògì náà nù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, bí ògì náà tilẹ̀ dára. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀nà lílọ̀ ni wọ́n yí padà tí àgbàdo kò yí padà, make kò ní mọ̀, àfi bí ẹni tí ó kọ òfin bá ti rò ó ṣáájú.

Stuart Feldman ni ó kọ make ní Bell Labs ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹrin ọdún 1976. Ohun tí ó fà á kò ju ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ lọ. Steve Johnson, ẹni tí ó kọ yacc, wọlé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ìbínú, nítorí pé ó ti fi odidi òwúrọ̀ kan wá àṣìṣe nínú ètò tí kò ní àṣìṣe mọ́. Ó ti tún fáìlì náà ṣe, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti gbé e fún kọ̀ǹpáílà lẹ́ẹ̀kan sí i, ètò àtijọ́ ni ó sì ń dán wò láti àárọ̀. Feldman fúnra rẹ̀ ti jẹ irú ìyà kan náà ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ìyà yẹn ni make wá pa rẹ́. Ní ọdún 2003 ẹgbẹ́ ACM fi àmì-ẹ̀yẹ dá Feldman lọ́lá nítorí rẹ̀, ó sì tọ́ sí i.

Àléébù kékeré kan bá make wáyé tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì ronú lé. Make ń béèrè pé kí ìlà ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì táàbù. Bí ó bá jẹ́ àlàfo lásán ni ó ṣáájú ìlà náà, make yóò kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀. Feldman tètè rí i pé kò dára tó. Ṣùgbọ́n nígbà náà àwọn bíi méjìlá ti ń lo make, kò sì fẹ́ dà wọ́n láàmú. Nítorí ènìyàn méjìlá, ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí gbogbo ayé ti ń tẹ táàbù. Àánú ni Feldman ṣe, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n san owó àánú náà kò tíì dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdúnàádúrà.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ẹrù ń gorí make. Àwọn ẹ̀rọ tí ń lo Unix kò bára wọn mu. Ohun tí ọ̀kan ní, òmíràn kò ní in. Ní ọdún 1991 ni David MacKenzie bẹ̀rẹ̀ Autoconf láti bá wọn tún un ṣe. Autoconf ń lo èdè M4 láti bí àkọsílẹ̀ àṣẹ gígùn kan tí ń jẹ́ configure. Configure yóò wádìí ẹ̀rọ náà fínnífínní, yóò wá pèsè ohun tí fáìlì make nílò. Configure ti PostgreSQL ju 10,000 ìlà lọ. Ẹ̀rọ ni ó kọ ọ́, ẹ̀rọ ni ó sì ń kà á.

Windows kò sí nínú ìṣírò yìí. Nígbà tí ẹ̀dà 8.3 jáde ní ọdún 2008, PostgreSQL di ohun tí irinṣẹ́ Microsoft lè tò pọ̀ tán pátápátá, ṣùgbọ́n ìlànà ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ fún un ní èdè Perl. Ó yẹ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níhìn-ín. Àkọsílẹ̀ Perl náà kò ní gbogbo àkọsílẹ̀ orúkọ fáìlì lọ́wọ́ ara rẹ̀. Inú àwọn fáìlì make ni ó ti ń wò wọ́n, bí ẹni tí ń ka lẹ́tà ẹlòmíràn láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀. Kò mọ èdè make dáadáa. Ìrísí àwọn ìlà kan ni ó ń wá. Nítorí náà ẹni tí ó bá jókòó sídìí Unix tirẹ̀, tí ó sì kọ òfin tuntun ní ọ̀nà tí make gbà, lè ba iṣẹ́ jẹ́ fún àwọn ará Windows láìmọ̀. Irú èyí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ìlànà kan bá dàgbà jù láti lọ, tí kò sì lè gbé ẹrù tuntun: ẹlòmíràn yóò wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò máa fara ṣe bí i, yóò sì máa ṣì í gbọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni Andres Freund gbé ìlànà ìtòpọ̀ tuntun wọ inú PostgreSQL lórí Meson, ó sì bá ẹ̀dà 16 jáde ní ọdún kejì. Jussi Pakkanen, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó ṣe Meson; ọdún 2013 ni ó kọ́kọ́ jáde. Meson kì í to nǹkan pọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń ka fáìlì meson.build tí ènìyàn kọ, ó sì ń kọ òmíràn fún Ninja, irinṣẹ́ tí Evan Martin ṣe nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Chrome ní Google. Wọn kò ṣe èdè Ninja fún ọwọ́ ènìyàn láti kọ. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí ó yára. Àǹfààní tí ó tóbi jù ni pé gbogbo ìgbáralé inú iṣẹ́ náà wà lójú kan. Láti ọdún 1998 ni Peter Miller ti ṣàlàyé ewu tí ó wà nínú kí make máa pe make mìíràn nínú àpótí fáìlì kọ̀ọ̀kan: olúkúlùkù mọ ìdí iṣẹ́ tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ odidi, àwọn òfin kan yóò sì máa ṣiṣẹ́ kí èròjà wọn tó pé. Bẹ́ẹ̀ ni fáìlì make ti PostgreSQL ti rí. Meson sì ń bá Windows àti Unix sọ̀rọ̀ ní èdè kan náà.

Kí wá ni ó dé tí make kò tíì lọ? Àwọn kan yóò sọ pé àṣà àtijọ́ ni kò jẹ́. Ìdí tí ó lágbára wà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ètò àfikún pọ̀ tí àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ PostgreSQL kọ, tí wọ́n sì ń tọ́jú níbi tiwọn. Pgvector jẹ́ ọ̀kan. Fáìlì make kékeré ni olúkúlùkù wọn ń lò, èyí tí ń yá agbára lọ́wọ́ fáìlì make ńlá tí PostgreSQL máa ń fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e sórí ẹ̀rọ. PGXS ni orúkọ ìlànà àyálò yìí. Ọ̀rọ̀ náà lágbára débi pé Meson pàápàá, nígbà tí ó bá ti to PostgreSQL pọ̀ tán, tún ní láti kọ ayédèrú fáìlì make kan sílẹ̀ kí àwọn ètò àfikún má bàa di aláìnílé. Arọ́pò ni ó ń bá ẹni tí ó rọ́pò fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tí ó bá rí èyí kò ní sọ pé kí wọ́n pa àwọn fáìlì make rẹ́ lọ́la.

Síbẹ̀ ẹni tí ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ni àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ jù. Ní gbogbo ìgbà tí ìlànà méjì bá ń gbé pọ̀, ẹni tí ó bá fi fáìlì C kan ṣoṣo kún iṣẹ́ náà ní láti kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi méjì. Bí ó bá gbàgbé ọ̀kan, iṣẹ́ yóò dára lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, yóò sì bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ìdánwò ìlọ́po méjì, ìwé ìtọ́nisọ́nà ìlọ́po méjì, ìbéèrè àwọn àlejò ìlọ́po méjì. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara ni wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ nínú ẹrù yìí, àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ nílé tí wọ́n sì ń fi í dán ẹ̀dà tuntun wò fún ire gbogbo ènìyàn. Ìkéde ọdún 2023 sọ pé Meson yóò rọ́pò lọ́jọ́ iwájú. Kò sọ ọjọ́. Ibẹ̀ ni àríwísí gbọ́dọ̀ wà. Kò sí ìjọba tí ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé yóò fẹ̀yìn tì "lọ́jọ́ kan ṣá". Ọjọ́ ni ìfẹ̀yìntì. Bí kò bá sí ọjọ́, ìrètí lásán ni. Ìbẹ̀rù pé àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi yóò di ọmọ òrukàn kò sì tó bí wọ́n ti ń sọ ọ́, nítorí pé ọdún márùn-ún ni ẹgbẹ́ PostgreSQL fi ń tọ́jú ẹ̀dà ńlá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà tí ó bá jẹ́ ìkẹyìn fún make yóò ṣì wà láàyè fún ọdún márùn-ún. Ta ni kò lè palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láàárín àkókò bẹ́ẹ̀?

Ẹgbẹ́ systemd ṣe tiwọn kíákíá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2017, ẹ̀dà 234 ní ìlànà àtijọ́ àti Meson pa pọ̀. Nígbà tí ẹ̀dà 235 yóò fi jáde ní ọdún kan náà, àtijọ́ ti lọ. Wọ́n lè ṣe é nítorí pé kò sí agbo ètò àfikún tí ó so mọ́ fáìlì make wọn bí ti PGXS. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ni bàtà kan ń bá mu.

Ìdí tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì hàn gbangba ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund yìí kan náà ni ó sì tú àṣírí rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ìgbà tí ètò ssh fi ń gba ènìyàn wọlé lórí ẹ̀rọ kan ti fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá gùn sí i. Ó tọpasẹ̀ rẹ̀ dé inú xz, ètò kékeré tí ń fún fáìlì pọ̀ kí ó lè kéré. Ẹnìkan tí ó ti fi ọdún díẹ̀ di ẹni ìgbẹ́kẹ̀lé nínú iṣẹ́ náà ni ó la ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ibo ni ó fi nǹkan pamọ́ sí? Kò fi ohun tí ń ṣí ọ̀nà náà sínú fáìlì C tí gbogbo ènìyàn ń yẹ̀ wò. Inú fáìlì M4 kan tí Autoconf ń lò ni ó fi í sí, èyí tí ó wà nínú àpò tí wọ́n di fún ìpínkiri, tí kò sì sí nínú àkójọ gbangba. Nígbà tí configure bá ń ṣiṣẹ́, ìlà yẹn yóò fa ohun búburú jáde láti inú àwọn fáìlì tí wọ́n pè ní fáìlì ìdánwò, yóò sì dà á pọ̀ mọ́ ètò. Autoconf kò jẹ̀bi, make kò sì jẹ̀bi. Ènìyàn ni ó ṣe é. Meson pẹ̀lú kò lè dá olè dúró nípa orúkọ rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n olè náà mọ ibi tí ojú ènìyàn kì í dé. Ilé tí wọ́n bá pa tì, tí ẹnìkan kò gbá, tí ẹnìkan kò sì wó, ejò ni yóò gbé ibẹ̀. Ìtumọ̀ ìpatì gan-an nìyẹn: kì í ṣe pé nǹkan náà lọ, ó wà, ṣùgbọ́n kò ní olójú.

Ìfẹ̀yìntì yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Òṣìṣẹ́ tí ó fẹ̀yìn tì ti mọ ọjọ́ rẹ̀, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ lé arọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ti sọ àwọn ohun tí kò sí nínú ìwé fún un. Irú ìfisílẹ̀ yìí ni àwọn ẹgbẹ́ olùkọ-ètò máa ń fojú fò jù lọ. Nínú fáìlì make tí ó ti pé ogún ọdún, ìlà kan lè wà tí ó ní kí wọ́n fi àṣẹ àjèjì kan kún iṣẹ́ kọ̀ǹpáílà lórí fáìlì kan ṣoṣo. Kò sí àlàyé níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti lọ. Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpáílà kan tí kò sí mọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ó sì lè jẹ́ pé bí ìlà náà bá lọ, ìṣirò kan yóò máa ṣìnà lórí irú ẹ̀rọ kan láìsí ẹni tí yóò mọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí wọ́n pe àgbà ní wèrè. Kí wọ́n tó da ìlà bẹ́ẹ̀ nù, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá ìdí rẹ̀ rí, kí ó kọ ìdí náà sílẹ̀ lẹ́bàá òfin tuntun, tàbí kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdí ti kú. Iṣẹ́ tí kò lógo ni. Ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ nìkan ni ìgbà tí ìlànà méjì fi ń gbé pọ̀ ṣe ní èrè: wọ́n lè to ètò kan náà pọ̀ lọ́nà méjì, kí wọ́n sì fi ohun tí ó jáde wéra. Bí wọn kò bá lo ìgbà náà fún èyí, ìdúró pẹ́ ni wọ́n dúró.

Nítorí náà, ní ti ọ̀rọ̀-ìperí, ó dára kí ìkìlọ̀-ìfẹ̀yìntì jẹ́ orúkọ ìkéde tí ń sọ pé ohun kan yóò lọ, kí ó sì jẹ́ pé ìkéde tí kò bá ní ọjọ́ tàbí ẹ̀dà pàtó nínú kò yẹ fún orúkọ náà. Kí ìfẹ̀yìntì jẹ́ ìgbà tí ohun náà kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, bí àwọn fáìlì rẹ̀ tilẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Kí ìyọkúrò jẹ́ pípa àwọn fáìlì náà rẹ́, èyí tí kì í pa ìtàn wọn rẹ́, nítorí pé àwọn ẹ̀dà àtijọ́ wà ní ìpamọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ bi àgbà léèrè. Àkọsílẹ̀ Perl ti Windows ní ìyọkúrò tirẹ̀ ní ọdún 2024. Make ti PostgreSQL kò tíì rí ju ìlérí gbà. Orúkọ make fúnra rẹ̀ kò nílò ìtumọ̀ kankan; orúkọ ni, gẹ́gẹ́ bí Perl àti Meson ti jẹ́ orúkọ. Ṣùgbọ́n èròjà, àfojúsùn àti ìgbésẹ̀ yóò ṣì wúlò nígbà tí ó bá ti lọ, nítorí pé Ninja pẹ̀lú ń wo ọjọ́ orí èròjà kí ó tó fọwọ́ kan àfojúsùn. Òun sì ń rántí àṣẹ tí wọ́n lò nígbà tí ó kọjá, èyí tí make kò rántí rí.